Elective wo ló yẹ kí n mú ní 400 level Law n'Íbàdàn?

Àbúrò, o ní àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ pé èyí tí máàkì ẹ̀ rọrùn ni kó o mú. Má dá wọn lóhùn. Àwọn dandan bíi Contract, Torts, Constitutional, Land Law, Evidence, wọ́n ti yan ìyẹn fún ẹ, tó o bá sì dé Law School lẹ́yìn yunifásítì, kò sí pé à ń yàn mọ́, kọ́ọ̀sì márùn-ún kan náà ni gbogbo yín máa ṣe, torí náà yunifásítì yìí gan-an lo ti ráàyè mú nǹkan tó wù ẹ́.

Wo iṣẹ́ tó o fẹ́ ṣe. Tó bá jẹ́ kóòtù n'Íbàdàn níbí lo fẹ́ máa lọ, mú Family Law, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ò lè tán láéláé, ṣebí ìwọ náà ń gbọ́ ti kóòtù ìbílẹ̀ Mápó nínú ìròyìn. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìyẹn o, ìgbéyàwó rẹ́jísírì, High Court ni wọ́n ti ń tú u ká, òfin 1970 ló wà fún un, inú kíláàsì yẹn lo ti máa mọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Labour Law náà dáa, National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá wọn, ní ẹ̀ka níbí. Maritime, òfin ọkọ̀ ojú omi, ńkọ́? Tó ò bá ní lọ́kàn láti kó lọ Èkó tàbí Port Harcourt, fò ó. Tax ò rọrùn, èmi ṣì máa mú un, ọ̀rọ̀ owó orí kan gbogbo kọ́ńpìnnì.

Bi wọ́n ní faculty kó o tó rẹ́jísítà, elective míì wà nínú handbook tí kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ lọ́dún yẹn.