Oògùn ò pa kòkòrò, àmọ́ kòkòrò ò jẹun mọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní oògùn tí ẹ fín kéré sí ìwọ̀n tó wà lára ike, àwọn kòkòrò ajẹwé ò kú, àmọ́ wọn ò dàgbà bó ṣe yẹ, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ tún un fín. Ẹ ní sùúrù ná. Ìgbẹ́ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin kòkòrò wọ̀nyí, mi ò sì ka òkú mọ́. Bébà funfun ni mo máa ń tẹ́ sábẹ́ ewé. Bí ìgbẹ́ bá kéré sí ti àwọn ojúgbà wọn tí ẹ ò fín nǹkan sí, wọn ò jẹun dáadáa nìyẹn. Ibì kan náà ni kí ẹ kó méjèèjì sí o, torí òtútù tàbí ewé tó ti gbó lè dá ìdàgbà wọn dúró láìsí oògùn kankan.

Bt, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi bakitéríà ṣe, ò lè ṣe nǹkan kan àfi bí kòkòrò bá jẹ ẹ́. Ìfun ló ń bà jẹ́, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹnu á ti dúró, bẹ́ẹ̀ ikú lè gba ọjọ́ mélòó kan. (Àwọn tó ń pariwo “ayédèrú” láàárọ̀ ọjọ́ kejì ò tíì wo ewé.) Bí èyí tó jẹ ò bá tó pa á, ìfun lè san, á sì padà sídìí oúnjẹ. Ti dongóyárò yàtọ̀: ó ń mú kí ewé sú wọn, ó sì ń da bíbọ́ awọ rú. Mo ti rí èyí tí awọ àtijọ́ lẹ̀ mọ́ nídìí, tí kò lè bọ́ ọ títí tó fi kú. Ní ti pyrethroid, ìyẹn irú oògùn kòkòrò kan tó ń kọ lu iṣan ara wọn, díẹ̀ lára rẹ̀ lè mú kí wọ́n já bọ́ láti orí ewé, nítorí náà ẹ yẹ ilẹ̀ wò.

Ìpele ìdàgbà tó kẹ́yìn, kó tó yí padà di àfòpiná, ni kòkòrò ajẹwé ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ayé rẹ̀. Èyí tó pẹ́ ní kékeré ń fún ẹyẹ àti agbọ́n láyè láti rí i, àfòpiná tó bá sì jáde ní kékeré sábà máa ń yé ẹyin díẹ̀. Síbẹ̀ mi ò fara mọ́ dídín oògùn kù: àwọn tó bá yè é ló máa bímọ, oògùn yẹn lè má ran ọmọ wọn mọ́.

Bí ìgbẹ́ bá ti ń pọ̀ padà, tí àwọn kòkòrò náà ṣì kéré, ẹ fín oògùn ní ìwọ̀n tó pé. Bó bá jẹ́ Bt, ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ń tètè bà á jẹ́. Bí wọ́n bá ti tóbi, ẹ fọwọ́ ṣà wọ́n.