Ẹ yẹ àpò yunifásítì yín wò kí ẹ tó yan kóòṣì

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Yunifásítì ìjọba tí ẹ ti kàwé jáde ní Texas níhìn-ín ti ń fìdí rẹmi nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún ọdún díẹ̀, wọ́n ti lé kóòṣì, wọ́n sì ní kí ẹ wá ṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde nínú ìgbìmọ̀ tó máa yan ẹlòmíràn. Èèyàn mẹ́ta ló kù: ọmọ ilé-ìwé yín àtijọ́ tó gbá NBA, igbákejì kóòṣì kan láti yunifásítì ńlá, àti ọkùnrin kan tó ń borí léraléra ní Division II (ìpele kejì eré yunifásítì, Division I ló ga jù) àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nílùú. Àwọn olówó fẹ́ ìràwọ̀ NBA. Ẹ ní kí àwa tí a ti wà níbẹ̀ rí dá sí i.

Mo gbá bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì Division I kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Kóòṣì mẹ́ta ló kọjá lórí wa kí n tó gbàwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà mo dúró bá wọn ṣiṣẹ́: èmi ni mò ń wá bọ́ọ̀sì, èmi ni mò ń sanwó oúnjẹ, èmi ni mò ń gé fídíò eré títí ilẹ̀ á fi mọ́. Inú ilé ìdáná ni mo ti mọ ọbẹ̀ yìí. Ìbéèrè tí ẹ bèèrè, ìyẹn ta ni kí wọ́n mú, ìkẹta ni lọ́wọ́ tèmi. Èkíní: èló ni yunifásítì fẹ́ ná? Èkejì: ọdún mélòó ni wọ́n lè fara da ìyà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí eré tí wọ́n ń tà. Ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá, àwọn yunifásítì ńlá máa ń pe àwọn kékeré wá sí pápá wọn, wọ́n á fàgbà hàn wọ́n níwájú èrò, wọ́n á sì kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún wọn. Eré kan lè mú 80,000 sí 100,000 dọ́là wá. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó yẹn ló ń gbọ́ bùkátà tẹ́níìsì, gọ́ọ̀fù àti eré sísá. Lọ́dọ̀ wa, ìyà tiwa ni wọ́n fi ń bọ́ gbogbo ilé. A ó lọ jẹ tiwa ní ìpínlẹ̀ kan, a ó sùn sínú bọ́ọ̀sì, a ó tún lọ jẹ òmíràn ní ìpínlẹ̀ kejì. Tí Kérésìmesì bá fi máa dé, àwọn ọmọ ti gbà lọ́kàn pé àwọn ò dáa. Kóòṣì á máa sọ pé eré líìgì ló ṣe pàtàkì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tí wọ́n ti lù ní àlùbami léraléra kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Torí náà, ẹ bi AD yín, ìyẹn olórí ẹ̀ka eré ìdárayá, kí ẹ tó fojú kan ẹnikẹ́ni: irú eré bẹ́ẹ̀ mélòó ni kóòṣì tuntun gbọ́dọ̀ gbá lọ́dún? Bí ó bá lé ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ má retí àkọsílẹ̀ tó dáa ní ọdún kìíní, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn olówó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Bí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹ fi àmì sí orúkọ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n lé náà wà níbẹ̀. Kóòṣì tí wọ́n yọ kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, owó rẹ̀ kì í dúró. Nígbà tí wọ́n lé kóòṣì wa àkọ́kọ́, yunifásítì ṣì ń san owó oṣù fún un nígbà tí ẹni kejì ti gba ipò. Ibo ni wọ́n ti gé e? Lára owó àwọn igbákejì. Igbákejì kan ṣoṣo ló ń wá agbábọ́ọ̀lù tuntun, tó ń kọ́ àwọn tó ga, tó tún ń bójú tó ìwé kíkà wọn. Ní ìta, gbogbo ayé ń sọ pé kóòṣì tuntun ò mọ nǹkan kan. Àwa tí a wà nínú ilé mọ̀ pé ọwọ́ kan ni wọ́n dì í sí ẹ̀yìn.

Ó kan ìràwọ̀ NBA wàyí, ibẹ̀ gan-an sì ni mo fẹ́ ká jókòó sí, torí ìlú tí mò ń gbé, Houston, ti gba ọ̀nà yẹn rí.

Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ University of Houston tí kò ní rántí Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1980. Òun àti Clyde Drexler, lábẹ́ kóòṣì Guy Lewis, gbé Houston dé Final Four, ìyẹn ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje yunifásítì, ní 1982 àti 1983. Drexler lọ sí NBA. Hakeem dúró, ó tún gbé wọn dé àṣekágbá ní 1984, níbi tí Georgetown ti Patrick Ewing ti fi 84 sí 75 borí wọn. Láti ọdún yẹn títí di 2018, Houston ò borí nínú eré kan ṣoṣo ní ìdíje NCAA, àjọ tó ń darí eré yunifásítì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Láàárín àkókò náà, wọ́n ṣe ohun tí àwọn olówó yín ń pè fún yìí. Ní 1998, wọ́n ní kí Drexler padà wá sílé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ní NBA, òun àti Hakeem ti jọ gba ife-ẹ̀yẹ fún Rockets, ẹgbẹ́ NBA ìlú wa, ní 1995, inú ìlú dùn. Sáà méjì ló lò: ó borí nínú eré 19, ó pàdánù 39, ó sì kúrò.

Georgetown náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2017, wọ́n pe Ewing wálé. Ti Ewing tilẹ̀ sàn, torí ó ti ṣe igbákejì kóòṣì ní NBA fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2021 ó gba ife Big East, líìgì wọn, gbogbo èèyàn sì rò pé ó ti bọ́ sí i. Sáà tó tẹ̀ lé e, gbogbo eré líìgì mọ́kàndínlógún ni wọ́n pàdánù, kò ku ẹyọ kan. Ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n ní kó máa lọ. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ méjèèjì tó pàdé ní àṣekágbá 1984 ló ránṣẹ́ pe akọni wọn, tí ti àwọn méjèèjì sì bàjẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé Drexler tàbí Ewing ò mọ bọ́ọ̀lù ń ṣeré ni. Iṣẹ́ náà ló yàtọ̀. Kóòṣì wa kejì jẹ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹni iyì, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù débi gíga. Bí ó bá dúró níwájú wa, ara wa á balẹ̀. Àmọ́ pípe ìyá ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lórí fóònù ní aago mẹ́wàá alẹ́ láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọ rẹ̀ wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn ló ti ń bẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ayé rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ló ń ṣe é. Ọjọ́ tí yunifásítì mìíràn gba igbákejì yẹn, ẹgbẹ́ tú. Èyí tó tún burú ni pé kò sí ẹni tó lè bá a wí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ò jẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, AD ń fòyà, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ní ọdún kejì, ọdún kẹrin ni wọ́n tó sọ ọ́.

Ta ló wá tún Houston ṣe? Kelvin Sampson, tó dé ní 2014. Èèyàn tó lábàwọ́n ni. Ní yunifásítì Indiana, ó pe àwọn ọmọ tó ń wá lórí fóònù ju bí òfin ṣe gbà lọ, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣe igbákejì ní NBA, NCAA sì fi ìyà ọdún márùn-ún jẹ ẹ́ ní 2008. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Houston, ó borí nínú eré 13, ó pàdánù 19. Bí ìgbìmọ̀ kan bá fi ọdún yẹn nìkan wò ó, wọn ò bá ti lé e. Wọn ò lé e, wọ́n sì náwó: ilé ìdánrawò tuntun ṣí ní 2016, wọ́n fi orúkọ Guy Lewis pè é, pápá Fertitta Center sì ṣí ní oṣù Kejìlá 2018. Drexler ò ní ìkankan nínú méjèèjì. Ní 2018, wọ́n tún borí nínú eré kan ní ìdíje NCAA. Ní 2021, wọ́n dé Final Four. Ní oṣù Kẹrin 2025, wọ́n dé àṣekágbá, Florida fi 65 sí 63 gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo rí àwọn àgbà ọkùnrin tó sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Sampson tún kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Kellen, jẹ́ igbákejì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lauren, ń bójú tó ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Nílé wa, wọ́n á ní ó fi iṣẹ́ ìjọba ṣe ogún ìdílé. Kí wọ́n máa wí. Nígbà tí àwọn igbákejì ibòmíràn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú tirẹ̀ dúró.

Igbákejì láti yunifásítì ńlá, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ ni kóòṣì wa kẹta. Ó mọ nọ́ńbà gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n bàálù aládàáni ló ti mọ́ ọn lára. Bí tiyín bá ti ṣiṣẹ́ níbi kékeré rí kó tó dé ibi ńlá, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọjá.

Ọkùnrin Division II yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ní 2022, Fairleigh Dickinson ní New Jersey ti borí nínú eré mẹ́rin péré, wọ́n pàdánù 22. Wọ́n lọ mú Tobin Anderson ní St. Thomas Aquinas, ilé-ìwé Division II. Ó kó mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Wọ́n tilẹ̀ pàdánù àṣekágbá líìgì wọn sọ́wọ́ Merrimack pẹ̀lú àmì ayò kan, àmọ́ Merrimack ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè láti Division II ni, òfin ò jẹ́ kí wọ́n lọ sí ìdíje NCAA, ni Fairleigh Dickinson bá lọ dípò wọn. Ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n fi 63 sí 58 borí Purdue, ẹgbẹ́ kejì nìkan nínú ìtàn ìdíje àwọn ọkùnrin tí wọ́n tò sí ipò kẹrìndínlógún tó borí ẹgbẹ́ ipò kìíní. Kóòṣì mìíràn, Ben McCollum, gba ife Division II mẹ́rin ní Northwest Missouri State, ó lọ sí Drake, ní Division I, ní 2024 pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó borí nínú eré 31 ní sáà kan.

Ẹ kíyè sí ohun kan: àwọn méjèèjì kó ọmọ wá. Láti 2021 ni agbábọ́ọ̀lù ti lè pààrọ̀ yunifásítì láìjókòó fún ọdún kan, láti 2024 sì ni wọ́n ti lè ṣe é iye ìgbà tó bá wù wọ́n. Ìdajì ẹgbẹ́ lẹ ń yàn pọ̀ mọ́ kóòṣì. Ẹ bi í: ta ló ń tẹ̀ lé ọ bọ̀, ta ló sì sá fún ọ lọ́dún tó kọjá? Kí ẹ pe àwọn tó sá yẹn lórí fóònù. Àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ìyìn ni gbogbo wọn máa sọ. Ẹ pe obìnrin tó ń bójú tó ìwé kíkà àwọn ọmọ, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó rọ́, ẹ pe ọmọ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Wọ́n á sọ bó ṣe ń hùwà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdánù.

Kí ẹ sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí Anderson lu Purdue, yunifásítì Iona ti gbà á (ọdún méjì lẹ́yìn náà, Iona lé e). McCollum lo ọdún kan ní Drake, Iowa gbé e. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín máa sanwó gidi, kí owó yẹn sì padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù.

Ti owó àwọn ọmọ ńkọ́? Láti oṣù Keje 2025, yunifásítì lè sanwó fún agbábọ́ọ̀lù tààrà, tó fi dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún gbogbo eré ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ ò ní sún mọ́ ọn. Torí náà, kóòṣì yín gbọ́dọ̀ lè rí ọmọ tí ẹlòmíràn ò rí. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé òun máa kó àwọn ọmọ gíga wá láti Nàìjíríà, ẹ má kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ torí pé ilé wa ni. Ọmọ tó wọlé pẹ̀lú físà F-1, ìyẹn ti akẹ́kọ̀ọ́, ò lè gba irú owó bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, torí òfin físà lórí iṣẹ́ ṣíṣe. Ẹ bi í bó ṣe ń to èsì WAEC fún NCAA. Ẹ bi í ta ló máa gba ọmọ náà sílé nígbà Kérésìmesì tí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ bá tì. Mo ti sùn lórí àga ilé ẹni ẹlẹ́ni rí nítorí kóòṣì tí kò ronú dé ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi, ọkùnrin Division II ni n óò mú, bí AD bá fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́rin, owó igbákejì mẹ́ta, àti eré títà tí kò lé ní mẹ́rin. Bí AD ò bá fọwọ́ sí i, ẹ mú ẹni tó bá wù yín, ọdún mẹ́ta sí i lẹ máa tún jókòó sórí àga kan náà. Kí ìpàdé yín tó ń bọ̀ yìí tó pé, ẹ ní kí wọ́n fi àdéhùn kóòṣì tí wọ́n lé hàn yín, kí ẹ mọ iye tí wọ́n ṣì jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ń fà á nílẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Texas tó ní kí ìwé ìjọba wà ní gbangba. Yunifásítì ìjọba ni tiyín, wọn ò lè sọ pé kò kàn yín.