Èsì: Ṣé àwọn ọmọ yóò rí ọ̀bọ lọ́jọ́ Arugbá?

Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ṣé kí ẹ kó àwọn ọmọ wá sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lọ́jọ́ Arugbá (ọjọ́ tí wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ ń lọ sódò níbi ọdún Ọ̀ṣun), nítorí ọ̀bọ ni wọ́n fẹ́ rí. (Ìbejì ọmọ ẹdun, kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń béèrè ẹbí wọn.)

Ẹ kó wọn wá wo ọdún ní Ògọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ má torí ọ̀bọ wá lọ́jọ́ yẹn. Pẹ̀lú ìlù àti èrò tó kún fọ́fọ́, inú igbó lọ́hùn-ún ni àwọn ọ̀bọ máa ń sá sí. Àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí èrò ló dáa. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ mú ìpápánu lọ́wọ́ o! Ọ̀kan já gúgúrú gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó gun igi, ó ń ṣà á jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wá nílẹ̀ bí ẹni pé àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Èèwọ̀ ni kéèyàn ṣọdẹ tàbí kó pẹja níbẹ̀, èyí ló sì dáàbò bo ẹranko ibẹ̀ tipẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, tó kà á mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

Omi odò Ọ̀ṣun ńkọ́? Ẹ óò rí àwọn tó ń bù ú mu. Ẹ má fún àwọn ọmọ. Àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò ti bà á jẹ́, ó ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Ẹ gbé omi tiyín dání.