Ṣé mo lè fi ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ tó ń yí fọ kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì?

Ó ṣeé ṣe, bó bá jẹ́ èyí tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìgbà 175 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ń sáré kọjá 1,000, tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀, á ba òwú kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa eruku rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá fo ìyẹn, ẹrẹ̀ lẹ máa pò. Ẹ wá fín omi ọṣẹ kápẹ́ẹ̀tì sí i fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi páàdì òwú tó rọ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ náà, kó máa yí lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bí páàdì bá ti dúdú, ẹ dojú rẹ̀ dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kàn ń pín ìdọ̀tí kiri ni. Kápẹ́ẹ̀tì onírun gígùn kọ́ o! Àmì róbótó-róbótó á hàn lára rẹ̀. Òkè kápẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọ̀nà yìí ń fọ̀. Ti ìsàlẹ̀, àfi ẹ̀rọ tó ń tú omi sí i tó tún ń fà á jáde.