Wákàtí tó kù sí yín lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà

Ẹ kú ìrọ́jú o. Nínú lẹ́tà yín, ẹ ka nǹkan mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀, ẹ ní tẹ́ ẹ bá kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kì í kọjá Ọjọ́rú kí gbogbo ẹ̀ tó dàrú, ẹ wá ń bi ara yín bóyá ọ̀lẹ ni yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ara yín bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi pe ara mi ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni mi ò ṣe.

Nígbà yẹn, mo ń ṣiṣẹ́ oṣù, mo sì ń múra ìdánwò kan sílẹ̀. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń to nǹkan bíi mẹ́rìnlá sínú ìwé: ka orí mẹ́ta, sáré lẹ́ẹ̀mẹrin, tún yàrá tò, kọ́ èdè tuntun. Tí mo bá ti kọ ọ́ tán, ọkàn mi á balẹ̀ bí ẹni tó ti ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo tó jókòó ka wákàtí.

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Mo yọ 56 fún oorun, 45 fún iṣẹ́, 12 fún lílọ àti bíbọ̀. Oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀, ìtọ́jú ilé àtàwọn ọmọ gba 35. Ó ku 20. Nínú 20 yẹn náà, ó tó ìdajì tí ara mi á ti rẹ̀ débi pé mi ò lè ka ìwé kankan kó yé mi. Mo wá ro iye wákàtí tí nǹkan mẹ́rìnlá yẹn máa gbà pọ̀: ó lé ní 40! Omi ló bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà.

Ohun kejì tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo ka wákàtí nìyí: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan, mo máa ń kọ iye àkókò tí mo rò pé ó máa gbà, tí mo bá parí, mo á kọ iye tó gbà gan-an. Orí ìwé tí mo fún ní wákàtí kan ń gba méjì ààbọ̀. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ṣàlàyé èyí láti 1979, pé èèyàn máa ń díwọ̀n iṣẹ́ bíi pé ohunkóhun ò ní dí i lọ́wọ́, kódà tó bá rántí bí ti ìṣáájú ṣe pẹ́ tó. Látìgbà náà, ohun tí mo bá rò, mo máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Nǹkan mẹ́ta péré ni mo ń mú lọ́sẹ̀ báyìí. Èyí tó wúwo jù ló ń gba àárọ̀ Ìṣẹ́gun àti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, torí àárọ̀ ni ọpọlọ mi máa ń jí. Mi ò sì kọ “kàwé” mọ́. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ká so ohun tá a fẹ́ ṣe mọ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mò ń kọ ni: “Tí mo bá ti fọ eyín tán láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, màá jókòó sídìí tábìlì, màá ṣe ìbéèrè mẹ́wàá ní orí karùn-ún.” Bí mo ṣe yege nígbà kẹta nìyẹn.

Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀ lófìfo o. Ọmọ lè ṣàìsàn, ọ̀gá lè gbé iṣẹ́ òjijì dé, ibẹ̀ ni ohun tó bá yẹ̀ máa bọ́ sí. Mo ti kó nǹkan síbẹ̀ rí, mo sì kábàámọ̀ ẹ̀.

Àwọn nǹkan yòókù tí mo fẹ́ ṣe wà lójú ìwé mìíràn. Èyí tó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀ tí mi ò mú un, mo máa ń fa igi lé e. Bí èdè tuntun yẹn ṣe lọ nìyẹn, ó sì dùn mí.

Fún nǹkan mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ẹ má tíì mú ìkankan lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kàn ka wákàtí yín, kẹ́ ẹ sọ iye tó kù fún mi, ká jọ wo èyí tó máa wọ inú ẹ̀.