Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí a ṣe ń mọ ohun tó wà nínú àgbá wísíkì láì ṣí i

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo rí ìpolówó iṣẹ́ kan láti Scotland. Wọ́n ń wá onímọ̀ ẹ̀rọ tí yóò ṣèwádìí bí wọ́n á ṣe máa fi ultrasound, ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, yẹ àgbá wísíkì wò. Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ṣé mo lè fi ohun tó wà nítòsí mi kọ́ ọ kí n tó kọ̀wé sí wọn? (Òǹkàwé, Ìta-Ẹ̀kọ́, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè. Òfin ni pé wísíkì Scotland gbọ́dọ̀ lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá igi óákù tí kò gbà ju lítà 700 lọ. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ọtí náà ń gba ara igi gbẹ lọ. Wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń dun olówó ni àgbá tó ń jò díẹ̀díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àwọn mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí ọdún fi gorí ọdún. Kí wọ́n tó lè mọ iye tó kù, wọ́n ní láti yọ ìdérí, kí wọ́n ki ọ̀pá bọ inú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìta, bí wọ́n ṣe ń ṣe síkáànì fún aláboyún.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni igi. Àwọn tó ń yẹ irin wò máa ń lo ìró 2 sí 5 MHz, ìyẹn ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 2 sí 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé ìyẹn ka pákó óákù tó nípọn tó mílímítà 27, ìró náà á kú sínú rẹ̀, torí àwọn ihò tín-ín-tìn-tín ara igi á fọ́n ọn ká. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 50 sí 200 kHz (ìgbà ẹgbẹ̀rún 50 sí 200). Ẹ sì rántí pé ìró ń sáré tó mítà 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bó bá tẹ̀ lé ìlà igi, ṣùgbọ́n bó bá gba ìbú, nǹkan bí 1,500 péré ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní àgbá tó dúró fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ fi próòbù (orí ẹ̀rọ tó ń rán ìró jáde tàbí tó ń gbà á) kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì. Ìró tó la inú ọtí kọjá á lo nǹkan bí 400 microsecond (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan), pẹ̀lú 36 fún pákó méjèèjì. Èyí tó bá gba òrùka irin tó di àgbá lámùrè yí ká á rin sẹ̀ǹtímítà 94, ṣùgbọ́n irin yá débi pé 190 ni yóò lò. Irin ló ń kọ́kọ́ dé! Ẹni tó bá ka àmì àkọ́kọ́ sí ti ọtí á máa sọ pé àgbá òfìfo kún. Nítorí náà, ẹ jìnnà sí òrùka, kí ẹ sì máa wo àárín 400 sí 480 nìkan. Bí ẹ bá ń gbé próòbù méjèèjì lọ sókè, ibi tí àmì yẹn bá ti pòórá ni ojú ọtí wà, torí afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìró kọjá.

Ẹ lè kọ́ èyí ní Abẹ́òkúta. Ẹ ní kí káfíńtà fi pákó ìrókò mílímítà 25 kan àpótí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 fún yín. Ẹ bu omi sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí igi mu omi yó, kí ojú ìsopọ̀ lè pa dé. Ẹ wọn àkókò ìró nígbà tí igi gbẹ àti nígbà tó yó. Kò ní dọ́gba. Ẹ̀rọ 54 kHz tí wọ́n fi ń yẹ kọnkéré wò á ṣe é. Ẹ béèrè ní yàrá ìdánwò àwọn onímọ̀ ìkọ́lé. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì síkáànì sí ojú próòbù, kí ẹ fi kílám̀pù mú un, torí bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lónìí ju bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lánàá lọ, agbára àmì á yí padà.

Ẹ máa kọ bí omi ṣe gbóná tó sílẹ̀. Bí omi bá gbóná sí i, ìró á yá sí i, nǹkan bí mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún dígírì kan. Ti ọtí pọ́ńbélé ń lọ sẹ́yìn ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹ bá ń da ọtí sínú omi, ìró á kọ́kọ́ yá sí i, lẹ́yìn náà á fà sẹ́yìn, débi pé iye kan ṣoṣo lè bá àpòpọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mu. Àmọ́ o, omi ni kí ẹ lò nílé. Nínú ooru wa yìí, èéfín ọtí líle kò nílò ju pàrà iná kan lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbé HC-SR04, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìró wọn jíjìnnà, lé ara àgbá omi mi. Kò rí omi kankan. Kí ló dé? (Òǹkàwé, Láfẹ́ńwá)

ÌDÁHÙN: Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ìró tó ti inú afẹ́fẹ́ wá kò lè wọ ara àgbá, ṣe ló ń ta padà. Ẹ gbé e sí abẹ́ ìdérí, kó dojú kọlẹ̀. Èyí tí omi kò lè bà jẹ́, JSN-SR04T, ló dára jù, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ìwé ẹ̀rí UT Level 2 (ìpele kejì nínú fífi ultrasound yẹ nǹkan wò) fún páìpù epo. Ṣé ó tó fún iṣẹ́ bí èyí? (Òǹkàwé, Kútọ̀)

ÌDÁHÙN: Á ràn yín lọ́wọ́, kò tó. Nínú irin yín, ọ̀nà yòówù kí ìró gbà, ìyára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n nínú igi, ó ń yí padà. Ẹ kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kún un. Ẹ gba ìró kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrìnlélọ́gọ́ta, kí ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ fi 64 pín in: ariwo tí kò ní ìlànà á dín kù sí ìdá kan nínú 8, àmì gidi á sì dúró. Ẹ fi àwòrán àbájáde yẹn, tòun ti ìwọ̀n ooru àti ipò próòbù, mọ́ lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí wọn.