GarageBand tó ń padà síbẹ̀rẹ̀ lórí iPad

Ọ̀kún o, àbúrò. iPad rẹ ò bàjẹ́. Ìlù tó o ní ó ń padà síbẹ̀rẹ̀ kó o tó lù ú tán yẹn, bar 8 (ìdá orin kéékèèké mẹ́jọ) péré ni GarageBand, áàpù tá a fi ń ṣe orin, ṣí sílẹ̀ fún ẹ.

Tẹ àmì + tó wà lókè lápá ọ̀tún, tẹ Section A, kó o wá tan Automatic. Máa lù ú lọ.

iPad àti iPhone nìkan lèyí wà fún o; GarageBand ò sí lórí Android.

Ti ohùn tó o tún ní ó ń pẹ́ kó tó dún, yọ earphone Bluetooth létí, lo oníwáyà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bá a jà ní Kàbbà, mo ṣe bí ọwọ́ mi ni ò yá!